Mi Ò Pè É Ní “Wọ́n” Mọ́

Ẹ máa rí i bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ pé “ó” ni mò ń pe obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó sì lé ní ogún ọdún tí mo fi ń kúnlẹ̀ kí i, tí mò ń pè é ní Sístà nínú ìjọ wa, tí mò ń sọ pé “wọ́n ti dé,” “wọ́n ń bọ̀,” “ẹ bá mi gbé àga fún wọn.” Mo ti gba gbogbo rẹ̀ padà. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Peckham, ní London níbí, lónìí, “ó” ni. Bí wọ́n bá ní kí n wá sọ ọ́ níwájú pẹpẹ, “ó” náà ni màá sọ. Wòlíì ìjọ wa ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ẹni tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run dárí ji òun gbọ́dọ̀ dárí ji ọmọnìkejì rẹ̀. Mo ṣe Àmín. Ẹnu ló ṣe Àmín yẹn, inú mi ò sí níbẹ̀.

Alágbàtọ́ ni mí. Ní ìlú yìí, bí òbí kan ò bá lè tọ́jú ọmọ rẹ̀, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, á gba ọmọ náà, wọ́n á wá ẹni tí yóò máa tọ́ ọ nínú ilé rẹ̀, wọ́n á sì máa fún onítọ̀hún ní owó tí yóò fi bọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Camberwell, mò ń gbé aláìsàn dìde, mò ń gbé wọn jókòó, títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Mi ò bímọ. Oyún mẹ́ta ló bà jẹ́ lára mi, ọkọ mi sì padà sí Ìbàdàn lọ fẹ́ ẹlòmíì. Nígbà tí ẹ̀kẹta bà jẹ́, obìnrin yìí gan-an ló jókòó tì mí ní wọ́ọ̀dù, tó ń fi aṣọ tútù nù mí lójú, tó ń sọ pé, “Àbúrò mi, Ọlọ́run ò tíì sùn.” Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá ni látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá ò mọ ibi tó ń dun èèyàn. Ọ̀rẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbé e wá. Yorùbá ni ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá mi kàn. Àìsàn ọpọlọ ló ń bá ìyá náà jà, kò lè tọ́jú ara rẹ̀, áńbọ̀sì ọmọ. Ilé mẹ́ta ni ọmọ náà ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹrù tó bá a wá ni aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì àti ìwé àwòrán kan. Kò sí aṣọ ìsùn kankan. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àga mi tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó ṣàkíyèsí pé láràárọ̀, inú báàgì sùkúù rẹ̀ ló ń kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ilé tí òun wà tẹ́lẹ̀, sùkúù ni wọ́n ti wá gbé òun lọ síbòmíì, búrọ́ọ̀ṣì òun sì ṣẹ́ kù sílé. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún tó dáa.

Mo tọ́ ọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. Yorùbá rẹ̀ ń rọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni “she.” Ẹnì kan á pè lórí fóònù, á béèrè mi, ọmọ á ní, “She's in the kitchen.” Ta ni “she”? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Mo bá a wí títí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Sístà, tí ọmọ náà ń pè ní Big Mummy, wà nínú pálọ̀ mi, ó ń di irun fún un bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé, ọmọ náà sì tún sọ “she” yẹn sí Sístà fúnra rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní “wọ́n” là ń pe àgbà nínú ilé yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ “she” mọ́ láé. Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó wá ní, “Big Mummy is tired. They need tea.”

Háà! Sístà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ní, “Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́! Bó ṣe yẹ ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn.” Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo àgbà ti di “they” lẹ́nu ọmọ mi, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ́ ọ. Sístà ló fọwọ́ sí i.

Ọmọ náà ti pé ọdún méje nígbà tí sóṣà wọ́kà rẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, wá jókòó sílé mi pẹ̀lú fáìlì. Òyìnbó ni, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í bọ́ kóòtù. Ó ní ilé ẹjọ́ ti pinnu pé ọmọ náà ò ní padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá ìdílé tí yóò gbà á ṣe ọmọ títí láé. Ó ní ṣé èmi náà ò lè rò ó wò? Kí n tó lanu, ó ti dé orí owó. Ó ní àwọn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ ló ń bẹ̀rù àtigba ọmọ pátápátá, torí pé bí ọmọ bá ti di tìẹ, owó ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Nítorí náà, ìjọba ti ṣe ètò kan láti fi fún irú wa níṣìírí: bí mo bá gbà á ṣe ọmọ, wọn ò ní dá owó náà dúró lójijì, wọ́n á máa san án lọ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dọọdún.

Mi ò béèrè owó. Ohun tí mo béèrè ni pé ṣé orúkọ mi ni ọmọ náà yóò máa jẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó máa lè wá gbé e lọ mọ́? Ó ní kò sí. Mo ní mo fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, owó náà wúlò. Mo ti fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, ẹ̀yìn mi ò sì lè padà síbẹ̀. Bí kò bá sí owó kankan, ṣé mi ò ní gbà á ni? Màá gbà á, a ó jọ máa mu gàrí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní kí n má mu gàrí, ṣé èmi ni màá ní gàrí ni mo fẹ́ mu?

Sístà ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè. Mò ń sunkún ayọ̀ bí mo ṣe ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní, “O kú oríire, àbúrò mi.” Ó ní, “Wọ́n á sì tún máa sanwó fún ẹ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ tó ń gba owó oṣù! Ọlọ́run tóbi.” Mo rò pé àwàdà ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ni mí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, Sístà gba ọmọkùnrin rẹ̀, ó tọ́ ọ nínú fúláàtì oníyàrá kan ní ọgbà ilé káńsù North Peckham àtijọ́, kí wọ́n tó wó o. Ó ń gbá ọ́fíìsì àwọn èèyàn láàárọ̀, ó ń gbá a nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè béèrè. Ẹbí ni, ó kàn fa ọmọ lọ́wọ́ wálé ni. Ọmọ náà ti wà ní Kánádà báyìí, Kérésìmesì nìkan ló máa ń pè é. Ó dùn mí fún un. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo ṣe é?

Káńsù ní kí n mú ẹni mẹ́ta wá tí yóò jẹ́rìí nípa mi. Mo mú ọ̀gá mi àtijọ́ ní ọsibítù, mo mú Alhaja tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, mo sì mú Sístà. Ta ni mo tún fẹ́ mú?

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí sóṣà wọ́kà fi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní àwọn wo ló ń gbé pẹ̀lú mi? Mo ní èmi àti ọmọ nìkan. Ó tún bi mí, ó rọra ń bi mí bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan ní sùkúù, ọmọ sì ti sọ fún àwọn nípa wọn. “They shout in the morning.” “They wear white.” “They cry in the kitchen.” Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n máa ń sùn pẹ́, ọmọ ò sì gbọdọ̀ jí wọn. Ó ní gbogbo àgbà tó bá ń gbé nínú ilé ni káńsù gbọ́dọ̀ mọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn wo ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀. Èmi ò mọ̀. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì ní, “Okay,” irú “Okay” tó túmọ̀ sí pé irọ́ lò ń pa. Wọ́n sún ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ káńsù yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ mi síwájú. Ó ní nígbà tí àwọn bá ń wádìí, ó di dandan kí àwọn máa wo ibòmíì fún ọmọ náà. Ó ní tọkọtaya kan wà lẹ́yìn òde London, wọ́n ní ọgbà àti ajá. Ajá! Ọmọ tó ń sá fún ajá.

A ò sọ ohunkóhun fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ṣe igi. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí báàgì sùkúù rẹ̀ láti gbé oúnjẹ ọ̀sán sí i, mo bá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti fi ìyẹn sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀.

Mo pe sóṣà wọ́kà, mo bẹ̀ ẹ́. Bóyá àánú ṣe é ni, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ilé nìkan. Ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí mi ń bẹ̀rù pé owó ló wà nídìí ẹ̀, ẹni náà ní ọmọ yìí “comes with a salary.” Wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ ọmọ sí ẹni náà létí, wọ́n bi í léèrè àwọn tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun ò lè sọ, pé Sátidé nìkan lòun máa ń wá.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ogún ọdún! Obìnrin tó mọ iye bẹ́ẹ̀dì tó wà nílé mi, tó mọ ibi tí mò ń tọ́jú iyọ̀ sí, ló ní òun ò lè sọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ wọlé pẹ̀lú máńgòrò kan lọ́wọ́. Mo ní ta ló fún un. Ó ní, “Alhaja downstairs. They said they bought too many.” Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀. They. Alhaja kan ṣoṣo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo rẹ̀ lọ́kàn mi: ta ló ń pariwo láàárọ̀? Èmi ni, mò ń gbàdúrà. Ta ló ń wọ funfun? Èmi ni, sùtánà ìjọ wa ni. Ta ni wọn ò gbọdọ̀ jí lọ́jọ́ Sátidé? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn ni. Yéè! Èmi fúnra mi ni gbogbo èrò tí káńsù ń wá kiri! Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó wà níjòókòó lọ́jọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ sọ “they” yẹn, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí i létí. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kó sọ, ó sì gbé e mì.

Mo ṣàlàyé fún sóṣà wọ́kà lórí fóònù. Ó gbọ́ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹlòmíì tó mọ ilé mi dáadáa, tó sì gbọ́ èdè náà, ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu èmi tí wọ́n ń fura sí ò tó. Mo ní ó dáa. Mo ní kó wá sílé mi ní Wednesday, ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín táàmù, ní aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo pe Sístà. Ohùn mi dùn bí oyin. Mo ní, “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín fẹ́ ṣe irun ní Wednesday, ẹ bá mi wá ní aago kan.” Ó ní kò burú.

Ó dé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ìgbà yẹn ni mo kúnlẹ̀ kí i kẹ́yìn. Mo gbé omi fún un, mo gbé chin-chin fún un, ó jókòó sórí àga, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Nígbà tí bẹ́ẹ̀lì máa fi dún, ìlàjì orí ti dì, ìlàjì tó kù dúró gàǹgà. Sóṣà wọ́kà wọlé. Sístà rí i, ó fẹ́ dìde. Mo ní, “Ẹ jókòó, Sístà. Ẹ ò ní fi irun ọmọ sílẹ̀ láàbọ̀.”

Mo bi ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló ń di irun fún un.

“Big Mummy. They do it every Saturday. They don't pull.”

Sóṣà wọ́kà gbójú sókè. Ó ní àwọn wo ni “they”?

Ọmọ náà na ìka sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gún Sístà lágbọ̀n. “Them.”

“Just her?”

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, bí olùkọ́ tó ti rẹ̀. “You can't say her. It's rude.”

Sóṣà wọ́kà rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ọmọ náà jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ta ló máa ń pariwo láàárọ̀? Ọmọ ní Mummy, àdúrà ni. Ó ní ta ló ń wọ funfun? Mummy, torí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ta ló máa ń sunkún nínú kíṣìnì? Ọmọ náà kọ́kọ́ wojú mi. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: “Mummy. When you phone them.”

Sóṣà wọ́kà fi ọwọ́ bo ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó wá kọjú sí Sístà. Kò pariwo. Ó ní, “Ṣé ẹ rántí pé mo bi yín? Mo ka ohun tí ọmọ sọ fún yín bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé?”

Ọwọ́ Sístà dúró nínú irun. Mo ní, “Ẹ dá wọn lóhùn, Sístà. Ẹ ṣe bí ẹni pé Sátidé ni.” Ìkà ni mo fi sọ ọ́, mo sì gbádùn rẹ̀.

Yorùbá ló fi dáhùn, èmi ló sì ń sọ ọ́ sí. “Èmi tí mo gba ọmọ àbúrò mi, ta ló fún mi ní nǹkan? Ta ló wá sílé mi wá ní ẹ kú iṣẹ́? Mo gbá ilẹ̀ títí eékún mi fi kú. Ìwọ, wọ́n gbé ọmọ wá bá ẹ nílé, wọ́n gbé owó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o jọ̀ọ́ kí o gbà á. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, ìwọ ń gba owó lé e lórí.”

Mo ní, “Ṣé èmi ni mo kọ òfin? Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má fún yín? Ká ní ẹ ní kí n bá yín lọ bá wọn jà, màá bá yín lọ. Ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ, Sístà. Kì í ṣe owó ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ ni.”

Ọmọ náà, tó gbọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn wo iwájú. Mo ní, “Ẹ parí irun náà.” Mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń wò ó. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Sóṣà wọ́kà lọ. Títí dé òpin, Sístà ò fa ọmọ náà lórí. Nígbà tó parí, mo bá a mú kóòtù rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní, “Ó dàbọ̀. Má wá sílé mi mọ́.” “Má” ni mo sọ. Mi ò sọ “ẹ má.” Ó gbọ́ ọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, adájọ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín fi òǹtẹ̀ lù ú, ó jẹ́ kí ọmọ mi jókòó sórí àga òun. Bí a ṣe délé, ọmọ náà lọ yọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú báàgì, ó fi í sínú kọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìwé owó náà dé láti káńsù. Mo gbà á. Mo fi ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, mo fi sanwó ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, mi ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò sì fi mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa ní ìjọ, nígbà tí wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn pé kí n jẹ́rìí, mo jẹ́rìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí “they” dé orí owó oṣù. Mi ò dárúkọ, mo kàn kọjú sí ibi tó jókòó sí ni. Àwọn ìyá ìjọ ń ṣe, “Hẹ́ẹ̀n?” Gbogbo orí ló yí sí i. Ó jókòó nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ Bíbélì. Kò pé oṣù kan tó fi lọ sí ìjọ mìíràn ní Sydenham. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ débẹ̀ báyìí, tòun ti eékún tó kú. Inú mi dùn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tí mi ò rò ni Sátidé. Sátidé àkọ́kọ́, ọmọ mi gbé kóòǹbù àti ìpara síta, ó jókòó sílẹ̀ níwájú àga. Mo ní Big Mummy ò ní lè wá. Sátidé kejì, ó tún gbé e síta. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírun ní Rye Lane. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, kò gbé nǹkan síta mọ́, kò sì béèrè.

Oṣù tó kọjá, lọ́sàn-án Sátidé, bẹ́ẹ̀lì dún. Mo gba ojú ihò ilẹ̀kùn wo ìta. Òun ni. Ó ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ di ògiri mú torí àtẹ̀gùn tó gùn. Ó ní, “Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ìwọ ni mo ṣẹ̀. N ò ṣẹ ọmọ yẹn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan.” Ọmọ mi ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sáré wá láti yàrá, ó ní, “Big Mummy!” Ó fò mọ́ ilẹ̀kùn. Mo fi ara dí i. Mo fi ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́, mi ò yí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ mi ò sunkún. Ó fà sẹ́yìn kúrò lára ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó sì fi Yorùbá bi mí, kó lè dá mi lójú pé ó mọ ohun tó ń bi:

“Mọ́mì, ṣé èmi ni mo tún ṣẹ̀?”

Mo ní rárá. Mo ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn mi orí pé òun gbọ́, bó ṣe mi orí fún gbogbo àwọn àgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ilé mẹ́ta tó ti gbé. Wọ́n ti ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọmọ yìí látìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn yòókù, ilé ẹjọ́ àti káńsù ló gbà wọ́n. Èyí, èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, mo ṣì lè pè é padà, ṣùgbọ́n mi ò pè é.